Bí mo ṣe ń dá gbé ìlù wọ bàálù láti Ìkòròdú

Ìlù mẹ́ta ni mo máa ń gbé rìnrìn àjò: ìyáàlù dùndún kan, ìyáàlù bàtá kan, àti àkúbà kan tí wọ́n gbẹ́ látara igi ọ̀mọ̀, tó ga dé ìbàdí mi. Èmi nìkan ni mo sì ń gbé wọn. Àwọn tó ń pè mí sókè òkun kì í san owó ọkọ̀ ẹni méjì. Wọ́n á ní àwọn onílù ti wà níbẹ̀ tó máa gbè mí, kí n ṣáà máa bọ̀. Láti ilé wa ní Ìgbógbó títí dé ibi tí mo ti máa lù, ọwọ́ méjì péré ni mo ní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba físà tirẹ̀ lóṣù tó kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún mi, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́." A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo bá a sọ ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń múra ìrìn àjò.

Ìlù tó yẹ kó lọ

Kì í ṣe gbogbo ìlù tó wà nílé ló yẹ kó wọ bàálù. Ẹ̀yin ọmọ Àyàn mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ìlù kan wà tí àwọn bàbá wa ti fi nǹkan sínú wọn kí wọ́n tó fi awọ bò wọ́n. Tí ẹ bá mì ín, ẹ ó gbọ́ ọ. Irú ìlù bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ẹ̀rọ máa wo inú rẹ̀, ó máa rí ohun tí kò mọ̀, òṣìṣẹ́ á sì bi yín pé kí ni. Ẹ ò lè purọ́, ẹ ò sì lè ṣàlàyé. Bí ó bá ní kí ẹ tú awọ rẹ̀, kò jẹ̀bi, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ní tèmi, kàkà kí ẹnì kan fi ọ̀bẹ kan awọ ìlù bàbá mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n má lọ rárá.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà sílẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun ayé àtijọ́ nìkan ni òfin yìí ń bá wí. Lóòótọ́, iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 wà níbẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá ti lò rí nínú ètò ìbílẹ̀, tó sì níyì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọdún yòówù kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Torí náà ni mo ṣe ní kí agbẹ́lù gbẹ́ ìlù ìrìn àjò fún mi lọ́tọ̀. Igi tuntun, awọ tuntun, kò dé ojú orò rí. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ló gbẹ́ ẹ, ọdún tó gbẹ́ ẹ, àti iye tó gbà. Mo wá gbé wọn lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, l'Ékòó, kí wọ́n fojú ara wọn rí i, kí wọ́n sì fún mi ní ìwé pé mo lè gbé e jáde. Ẹ má fi èyí di ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa rìnrìn àjò o. Gbàrà tí físà bá ti jáde ni kí ẹ lọ. Ẹ ya fọ́tò ìlù kọ̀ọ̀kan, iwájú, ẹ̀yìn, àti inú ihò rẹ̀, kí ẹ sì mú un dání. Fọ́tò yẹn máa tún wúlò fún yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó padà délé.

Awọ

Awọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, wàhálà náà sì pín sí méjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àìsàn kúrò ńlẹ̀. Ní 2006, ẹnì kan tó ń ṣe ìlù ní New York kó àrùn anthrax lára awọ ẹran tí wọn ò tíì ṣe, tó gbé wá láti Ivory Coast. Ó rù ú là. Ní 2008, oníṣẹ́ ìlù kan ní London kó àrùn kan náà, òun kò rù ú là. Àrùn ẹran ọ̀sìn ni, kòkòrò rẹ̀ sì lè sùn sínú awọ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí èèyàn bá ń fá irun ara awọ, tó ń họ ọ́, ni eruku rẹ̀ máa ń gba imú wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ní bodè mọ ìtàn yìí. Ẹ má gbé awọ tí irun ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má sì ká awọ ewúrẹ́ sínú àpò pé tí ojú ìlù bá ya, ẹ ó fi pààrọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń wù yín láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sí onílù tí kì í fẹ́ ní awọ lọ́wọ́. Ìlù tí wọ́n ti ṣe parí, tí awọ rẹ̀ ti fá mọ́ tónítóní, tó ti gbẹ, ni kí ẹ gbé.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn NAQS, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ohun tó jáde lára ẹran wò kó tó kọjá bodè, kí wọ́n wo ìlù náà kí wọ́n sì fún yín ní ìwé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí awọ, nítorí náà ẹ ní kí ẹni tó pè yín béèrè lọ́dọ̀ ìjọba wọn níbẹ̀, kó fi èsì ránṣẹ́ ní kíkọ. Tí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù bá sì bi yín bóyá ẹ gbé ohun tó ti ara ẹran wá, ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni." Ẹni tó kọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á wo ẹrù rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó lọ tàbí kí wọ́n gbà á. Ẹni tó kọ rárá, tí wọ́n wá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti irọ́ nìyẹn.

Wàhálà kejì ni ti gígan. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ rìnrìn àjò. Mo fa ọṣán ìyáàlù mi, ìyẹn okùn awọ tó so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo fà á gan bí ìgbà tí mo fẹ́ lọ sóde ìnáwó. Mo rò pé ìlù tó bá gan kò ní mì nínú àpótí. Nígbà tí mo ṣí àpótí náà nínú yàrá tí wọ́n fi mí wọ̀ sí, ojú kan ti ya. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó gba àárín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí kejì, ó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ọ̀nà tí ìkán là sára ògiri. Mo fi ìka kàn án. Etí ibi tó ya mú bí abẹ, ó sì gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìlù náà lórí itan, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìlù àyálò ni mo lù lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ fi ki ẹni tó pè mí, ohùn tí mò ń wá kò jáde lára rẹ̀.

Ohun tó fà á rèé. Afẹ́fẹ́ inú bàálù máa ń gbẹ bíi ti ọyẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí awọ ṣe máa ń ṣe nígbà ọyẹ́: ó máa ń sún kì. Awọ tí ẹ ti fà dé góńgó kò ní ibi tó máa sún sí mọ́, yíya ló kù fún un.

Ẹ dẹ ọṣán, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Lára dùndún, mo máa ń dẹ ọṣán yí ìlù ká, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lódì kejì, títí màá fi yí i po. Ẹ má dẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, ojú ìlù á wọ́. Mo máa ń mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀ tó wọlé díẹ̀, tó sì ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń lu ìrọ̀rí.

Bàtá kò ṣeé dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi kì í fọwọ́ kan ọṣán rẹ̀, ojú rẹ̀ ni mo máa ń dáàbò bò. Ìda tó wà lójú bàtá máa ń rọ̀ tí ooru bá mú un, pàápàá nínú búùtù mọ́tò ní ọ̀sán gangan, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá kàn án. Ìgbà kan tí mo fi aṣọ lásán bò ó, odindi wákàtí kan ni mo fi ń họ owú kúrò lójú ìlù. Bébà tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń tẹ́ páànù ni mo ń kọ́kọ́ fi bò ó báyìí, kí n tó fi aṣọ wé e. Ẹni tó bá ń gbé gúdúgúdú, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àkúbà tèmi ní irin ìdè lára. Sípánà ni mo fi ń dẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti irin kan sí èyí tó kọjú sí i. Sípánà yẹn, abẹ́ bàálù ló ń lọ. Kọ̀ǹgọ́ tí mo fi ń lu dùndún àti bílálà tí mo fi ń lu bàtá náà, abẹ́ bàálù. Ẹni tó dúró níbi àyẹ̀wò lè wo kọ̀ǹgọ́ kó rò pé kóńdó ni. Kọ̀ǹgọ́ mẹ́ta ni mo máa ń mú, mi kì í sì kó wọn sójú kan, kí ọ̀kan lè dé bí àpótí kan bá ṣìnà. Ṣaworo, àwọn agogo kéékèèké etí ìlù, mo máa ń tú u kúrò lára ìyáàlù, kí n wé e sínú ìbọ̀sẹ̀.

Téèpù àti ìwọ̀n

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ mọ gígùn àti ìwúwo ìlù yín kí ẹ tó dé ojú káúńtà. Ẹni tó ní ẹnì kejì lè ní kó dúró ti ẹrù, kóun lọ bẹ ọ̀gá kan. Ẹni tó dá wà kò ní àyè ẹ̀bẹ̀. Bó bá ń lọ síwá sẹ́yìn, ta ló ń ṣọ́ àkúbà?

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ló ń lo ìlànà yìí fún ẹrù abẹ́ bàálù: ẹ ro gígùn, ìbú àti gíga pọ̀, kí ó má ju 158 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìwúwo ẹyọ kan jẹ́ kílò 23 fún èrò tó wà ní ìjókòó olówó pọ́ọ́kú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sanwó. Tó bá ju kílò 32 lọ, ọ̀pọ̀ kì í gbà á bí ẹrù èrò mọ́, ì báà jẹ́ ẹ fẹ́ sanwó.

Mo wọn àkúbà mi ní ìhòòhò: 76, pẹ̀lú 33, pẹ̀lú 33, ó jẹ́ 142. Inú mi dùn. Mo ní kí káfíńtà kan ní Sabo kan àpótí fún un, a tẹ́ fóòmù tó nípọn sínú rẹ̀ bíi ti bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo wọn àpótí, 86, 44, 44, ó di 174. Ìlù wọlé, àpótí ló mú un jáde. A tún un kàn. A lo pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a dín fóòmù kù, a sì fi èyí tó nípọn sí ojú ìlù àti ìdí rẹ̀ nìkan, níbi tí ìjàǹbá ti lè ṣẹlẹ̀. Ó di 80, 38, 38. Ẹ rò ó pọ̀: 156. Sẹ̀ǹtímítà méjì yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ owó tó pọ̀.

Àkúbà wúwo ní kílò 11, àpótí rẹ̀ jẹ́ 7. Ihò inú ìlù kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń fi agbádá àti ṣòkòtò mi kún inú rẹ̀, wọ́n á gbé awọ ró, mi ò sì ní nílò báàgì aṣọ lọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ máa ń jẹ́ kílò 22. Mo ń fi kílò kan sílẹ̀ torí ìwọ̀n wa nílé àti ti ẹ́pọ́ọ̀tù kì í sọ ohun kan náà.

Ẹ ní kí káfíńtà fi táyà kéékèèké sídìí àpótí náà, kó fi ohun ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sì má kan ìdérí rẹ̀ ní ìṣó. Àwọn aláyẹ̀wò máa fẹ́ ṣí i nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣí, wọ́n á fọ́ ọ. Mo lẹ fọ́tò mọ́ inú ìdérí tèmi, tó ń fi hàn bí ìlù ṣe jókòó nínú àpótí, mo sì kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń bá mi wọlé

Ìyáàlù dùndún kì í kúrò lára mi. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 48, ojú rẹ̀ fẹ̀ ní 22. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù máa ń gba ẹrù ọwọ́ tó tó 55 sí 40 sí 23 tàbí kó dín díẹ̀, àmọ́ ẹ wo ti èyí tí ẹ máa wọ̀. Mo máa ń kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí n sọ pé ohun èlò orin ni, kí n kọ bó ṣe ga àti bó ṣe fẹ̀ tó, kí n sì tẹ èsì wọn jáde sórí bébà. Fóònù lè kú. Bébà kì í kú.

Tí ẹ bá wọ bàálù ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, òfin tì yín lẹ́yìn. Wọ́n ṣe òfin náà ní 2012, ìlànà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015. Ó ní kí wọ́n gba ohun èlò orin kékeré láàyè lókè orí tàbí lábẹ́ ìjókòó, bí àyè bá wà nígbà tí ẹ wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ni àyè, nítorí náà ẹ má pẹ́ lẹ́yìn. Èyí tó tóbi, ẹ lè ra ìjókòó fún un, bí òun àti àpótí rẹ̀ kò bá ju kílò 75 lọ, tó sì ṣeé dè mọ́ ìjókòó láìdí ọ̀nà. Fún abẹ́ bàálù, òfin yẹn ní kí wọ́n gbà á títí dé 150 íǹṣì nígbà tí ẹ bá ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àti kílò 75, bí bàálù náà bá tóbi tó. Owó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Bàálù orílẹ̀-èdè mìíràn kò sí lábẹ́ òfin yìí, ẹ má lọ máa fi bá wọn jà.

Ẹ̀yin tó ń lu sẹ́lò àti àwọn gòjé ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó lẹ máa rà. Ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi pé èèyàn ni. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ pé CBBG ni, orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ń pe ẹrù tó ń jókòó nìyẹn. Ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n máa gbé e sí. Ẹ dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, ti gìtá náà bẹ́ẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù tí ẹ fi ń ṣe ìpààrọ̀ fún maikirofóònù, ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e, kò gbọdọ̀ lọ sábẹ́ bàálù.

Láti Ìgbógbó dé Ìkẹjà

Bí bàálù bá máa gbéra ní aago 11 alẹ́, aago kan ọ̀sán ni mò ń kúrò nílé. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 kò ní bi mí pé kí ló dé. Bọ́ọ̀sì BRT tó ń gba ọ̀nà yẹn láti 2015 dára fún èèyàn, kò dára fún àpótí. Dánfó, kọ̀ndọ́kítọ̀ á ka àpótí kọ̀ọ̀kan sí èrò, á sì tún gbé bàtá sábẹ́ àpò gàrí. Ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò, Èkó ló ń gbé yín lọ, omi ọ̀sà sì ń ta sára ẹrù. Ẹ háyà ọkọ̀, Sienna tàbí irú rẹ̀, kí ẹ sì ti dúnàádúrà rẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Àkúbà ló ń kọ́kọ́ wọlé, bàtá tẹ̀ lé e, ìyáàlù wà lórí itan mi.

Níwájú ẹ́pọ́ọ̀tù, ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà já ẹrù yín sílẹ̀ kó lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró tì í, kí ẹ lọ wá kẹ̀kẹ́ ẹrù wá. Àwọn ọmọkùnrin á wá bá yín pé, "Daddy, ẹ jẹ́ ká bá yín tì í." Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣeun, ó ti wà létò." Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ náà.

Ní káúńtà, mi kì í dúró kí wọ́n bi mí tán. Ìgbà tí mo rìn kẹ́yìn, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo àpótí, ó ní, "Ẹ̀n, Bàbá, èyí ti tóbi jù o."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìlù ni. Ó jẹ́ 156, kílò 22. Lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ yín kọ sí mi nìyí."

Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó na téèpù mọ́ ọn. Ó lẹ táàgì sí i, ó tún fi èyí tó sọ pé ó lẹgẹ́ kún un. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn mi, ọkùnrin kan ń tú báàgì rẹ̀ palẹ̀.

Àwọn NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, máa fẹ́ wo inú ìlù, ó sì yẹ kí wọ́n wò ó, torí ohun tó ní ihò nínú ni. Ẹ fúnra yín kó aṣọ jáde kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ọ̀gá kan ní kí n lu ìyáàlù kóun mọ̀ bóyá ìlù ni lóòótọ́. Mo sì ti dẹ̀ ẹ́. Mo há a mọ́ abíyá, mo fún ọṣán pa tagbáratagbára, mo fi ìka ta á lójú. Ohùn kékeré kan jáde. Ó ní, "Ó ti tó, sà. Ẹ máa lọ."

Tí ìtọ̀ bá gbọn yín, ẹ má ní kí àjèjì bá yín ṣọ́ ìlù, ẹ má sì gba ti àjèjì ṣọ́. Mo máa ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká wọlé, yàrá tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ló sì ní àyè tó tó, tí kò bá sí ẹni tó nílò rẹ̀ nígbà náà. Kí n tó já àpótí méjì yòókù sílẹ̀ ní káúńtà, mi kì í mu omi púpọ̀.

Bí ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù lọ́nà, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ẹ bi wọ́n ní Ìkẹjà pé, "Níbo ni mo ti máa rí ẹrù mi?" Ní Amẹ́ríkà, ìlú tí ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ni ẹ ti máa gba gbogbo ẹrù, ẹ ó gbé e kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra yín, ẹ ó sì tún fà á lé wọn lọ́wọ́ kó tó máa lọ sí ìlú kejì. Ẹ̀yin nìkan, àpótí méjì, ìlù kan léjìká. Mi kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì tí àlàfo rẹ̀ kò tó wákàtí mẹ́rin níbẹ̀. Bàálù kejì sì lè kéré, kí wọ́n ní ìyáàlù kò lè wọ òkè orí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á lẹ́nu ọ̀nà bàálù, kí wọ́n sì dá a padà fún yín lẹ́nu ọ̀nà bàálù. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ inú àpò rẹ̀ yí ká.

Bí ó bá bàjẹ́

Ẹ ṣí àpótí níbi tí ẹ ti gbà á, kí ẹ tó jáde. Nígbà tí ìyáàlù mi ya lọ́jọ́sí, mo gbé àpótí náà jáde láìwò ó. Ilé ni mo padà dé kí n tó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ bàálù náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Wọ́n ní ọjọ́ ti lọ. Ó dùn mí, àmọ́ òfin ni: àdéhùn Montreal ti 1999 sọ pé ẹni tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 7 tó gbà á. Ti ẹrù tó pẹ́ kó tó dé jẹ́ ọjọ́ 21. Ẹ gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi fọ́tò tí ẹ yà nílé sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìlù tó bàjẹ́.

Iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san fún èrò kan jẹ́ 1,519 SDR láti ìparí 2024. Owó ìṣirò IMF, àjọ owó àgbáyé, ni SDR. Bí ìlù yín bá níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ iye rẹ̀ fún wọn ní káúńtà kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́, ẹ lè san àfikún owó, tàbí kí ẹ ra ìdójútòfò fún un. Wọn ò sì ní sanwó fún ohun tó bàjẹ́ nítorí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí. Awọ tí ẹ fà gan jù, wọ́n lè ní òun ló ya ara rẹ̀.

Tí ẹ bá dé yàrá, ẹ fi ìlù sílẹ̀ nínú àpótí fún wákàtí mélòó kan kí otútù abẹ́ bàálù kúrò lára rẹ̀. Nígbà òtútù wọn, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru máa ń gbẹ awọ gan-an. Ẹ má gbé ìlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máa ń gbé abọ́ omi sí yàrá, kí n fi tówẹ̀lì tútù kọ́ àga. Mo ń fa ọṣán díẹ̀ ní alẹ́, díẹ̀ ní àárọ̀, mi ò sì ní fà á dé ibi tó yẹ títí di wákàtí kan kí n tó lù.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ tún dẹ̀ ẹ́ bíi ti ìlọ. Ẹ já gbogbo táàgì àtijọ́ kúrò lára àpótí, kí ẹ̀rọ má baà ka èyí tí kì í ṣe ti ọjọ́ náà, kí ó gbé àkúbà yín lọ sí ìlú tí ẹ ti kúrò. Ẹ jẹ́ kí ìwé Oníkan àti àwọn fọ́tò wà lápò àyà, kì í ṣe nínú àpótí, torí kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ìkẹjà lè bi yín bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.